Ọjọ́ Kan Láàrin Àwọn Àwókù àti Àwọn Ilé Ọlọ́run Àtijọ́ ní Canterbury

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, èmi àti aya mi àti àwọn ọmọ wa mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò ju bí wákàtí kan lọ tí a fi dé Canterbury, ní ilẹ̀ Kent. Ọmọ wa obìnrin àgbà, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ náà, ni ó san owó ọkọ̀ gbogbo wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ fi ojú mi rí ìlú yìí, nítorí níbẹ̀ ni a ti ya Samuel Àjàyí Crowther sí mímọ́ fún iṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, ọdún 1864. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe purọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé, ohun mìíràn tún wà ní ọkàn mi. Kí n tó kúrò nílé, ìgbìmọ̀ ìjọ wa ti pinnu láti wó ilé ìsìn wa àtijọ́ tí àwọn baba wa fi amọ̀ mọ, kí a lè kọ́ èyí tí ó tóbi sí ojú ibẹ̀. Èmi fúnra mi ti fi ọwọ́ sí ìwé náà.

Aya mi ni ó ní kí a kọ́kọ́ lọ kí àgbà. Nítorí náà, a kọjá ní ẹnu ọ̀nà kàtídírà láì wọlé, a jáde sí ẹ̀yìn odi ìlú, a sì gòkè lọ sí ilé ìsìn Martin Mímọ́. Láàrin àwọn ibojì ni ó wà. Nínú gbogbo ilé ìsìn tí a ṣì ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni àgbà. Ọmọ wa àbíkẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kànlá, wò ó títí, ó ní, “Bàbá, ṣé èyí náà nìyẹn?” Mo mọ ohun tí ó rò. Ilé náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí a ń sọ nílé pé ó kéré jù fún wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí nínú ògiri rẹ̀. Bíríkì pupa pẹlẹbẹ wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Róòmù ń sun nígbà tí wọ́n ń ṣe àkóso ilẹ̀ náà. Ní nǹkan bí ọdún 410 ni ìjọba Róòmù dópin níbẹ̀, àwọn ẹ̀yà tí a ń pè ní Áńgílì, Sásọ́nì àti Júùtù sì gba ilẹ̀ náà. Kèfèrí ni wọ́n. Wọ́n ń bọ Woden, wọ́n sì ń bọ Thunor, òrìṣà àrá, tí àwa ìbá mọ̀ sí Ṣàngó wọn. Nígbà tí ọba Kent, Ethelbert, fẹ́ Bertha ọmọ ọba àwọn Fáráńkì, wọ́n bá a ṣe àdéhùn pé kò ní gba ìgbàgbọ́ Kristi lọ́wọ́ aya rẹ̀. Ayaba náà mú bíṣọ́ọ̀bù kan wá, Liudhard ni orúkọ rẹ̀, ilé kékeré yìí sì ni ó ń lò fún àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé kí oníwàásù kankan tó ti Róòmù dé, obìnrin kan ti ń kúnlẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọdún 597 ni Augustine dé pẹ̀lú nǹkan bí ogójì ènìyàn, tí Gregory, póòpù Róòmù, rán. Bede, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 731, sọ fún wa pé ọba kọ̀ láti pàdé wọn lábẹ́ òrùlé. Ìta gbangba ni ó jókòó sí, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá ní oògùn, inú ilé ni yóò ti mú òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn ọba wa ti ṣọ́ra fún àwọn oníwàásù àkọ́kọ́ yóò rẹ́rìn-ín bí mo ti rín in. Ọba náà fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé ọ̀rọ̀ wọn dára, ṣùgbọ́n ó jẹ́ tuntun, òun kò sì lè fi ohun tí àwọn ènìyàn òun ti ń ṣe láti ìgbà pípẹ́ sílẹ̀ lójijì. Síbẹ̀ ó fún wọn ní ilé àti oúnjẹ, ó sì jẹ́ kí wọ́n wàásù. Ilé ìsìn ayaba ni wọ́n kọ́kọ́ lò.

Nígbà tí ìjọ pọ̀ sí i, wọn kò wó ilé Bertha. Wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn tí ó fẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, ògiri ilé ti àkọ́kọ́ sì wà lára ibi tí pẹpẹ wà títí di òní. Mo dúró pẹ́ níbẹ̀, tí àwọn ọmọ fi ń pè mí.

Láti ibẹ̀ a padà sí àwókù ilé àwọn mọ́ǹkì tí Augustine dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 598. Níbẹ̀ ni a sin àwọn ọba Kent àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìgbà àkọ́kọ́. Lónìí, koríko ni ó wà níbi tí ilẹ̀ ìsìn náà wà, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ ògiri àti òpó tí ó kù díẹ̀díẹ̀. Aya mi bi mí pé, “Àwọn kèfèrí wo ni ó wó ilé yìí?” Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe kèfèrí. Henry Kẹjọ, ọba onígbàgbọ́, ni ó pa á run ní ọdún 1538, àwọn onígbàgbọ́ ni ó sì kó òkúta rẹ̀ lọ láti fi kọ́lé. Bí mo ti ń sọ ọ́, ojú tì mí, nítorí mo rántí ìwé tí mo fi ọwọ́ sí. Nígbà kan, apá kan ibẹ̀ di ilé ìpọntí. Ní ọdún 1844 ni ọlọ́rọ̀ kan rà á padà, ní 1848 a sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì níbẹ̀, èyí tí ó ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1947.

Nínú ọgbà kan náà ni àwókù ilé ìsìn Pancras Mímọ́ wà. Inú ọmọ wa kékeré dùn pé orúkọ ibùdókọ̀ wa ni. Àwọn ará ìgbàanì a máa sọ pé ilé òrìṣà Ethelbert ni tẹ́lẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, ó dájú pé ní ọdún 601 Gregory kọ̀wé pé kí a má ṣe wó ilé òrìṣà wọn. Ère nìkan ni kí a fọ́, kí àwọn ènìyàn lè máa wá sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ̀. Èrò tèmi ni pé bí a bá ti ka ìwé yẹn dáadáa ní ilẹ̀ wa, ọ̀pọ̀ nǹkan ìbá kù tí àwọn olùkọ́ ìbá fi han àwọn ọmọ.

Ọ̀sán ti rọ̀ kí a tó wọ kàtídírà. N kò ní sọ púpọ̀ nípa Thomas Becket, tí a pa síbẹ̀ ní ọdún 1170, nítorí gbogbo ìwé ni ó sọ ọ́. Àjàyí ni mo wá wò. Ọmọkùnrin tí a kó ní Òṣogùn ní ọdún 1821 ni a yà sí mímọ́ níbẹ̀, Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tí ó wà nínú àwọn tí ó gbà á sílẹ̀ ní 1822, sì wà níjòókòó. Ọmọ mi bi mí pé, “Bàbá, ṣé bíṣọ́ọ̀bù Abẹ́òkúta ni wọ́n fi í jẹ?” Rárá o. Àwọn míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun tí ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú jẹ́ olórí wọn, nítorí náà ilẹ̀ mìíràn ni a fi fún un, ti Odò Ọya pẹ̀lú. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, a tún gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ tí ó parí ọdún 1891. Ní ọdún 2014, nínú kàtídírà yìí kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby tọrọ àforíjì fún ohun tí a ṣe sí i.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí àwọn ọmọ ti sùn, mo kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ wa. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí a fi ilé amọ̀ náà ṣe ibi pẹpẹ ilé tuntun, bí àwọn ará Canterbury ti ṣe. Nígbà tí mo padà dé, a wọn ògiri náà, kọ́lékọ́lé sì sọ pé ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ yóò ga. Bàbá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ènìyàn pé ta ni yóò san án. Títí di ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, a kò tíì rí èsì fún un, ilé náà sì wà ní ìdúró.