Oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ilẹ̀ Gánà àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

Nínú àwọn Yorùbá tí ó ṣí lọ ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Gold Coast kí ó tó gba òmìnira ní ọdún 1957, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tí ó pọ̀ jù, àwọn àti àwọn ará Èjìgbò, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ìgbòho. Ẹsẹ̀ ni àwọn aṣáájú wọn fi rìn gba ilẹ̀ Dahomey àti Togo kọjá, tí wọ́n ru aṣọ òfì lórí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àti mọ́tò mú ìrìn náà rọrùn, púpọ̀ nínú wọn yí sí ọjà wósìwósì, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké bí òwú, abẹ́rẹ́, ọṣẹ àti dígí, àwọn mìíràn sì ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́. Wọ́n wà ní Accra àti Kumasi, wọ́n wà ní Akwatia níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì, ṣùgbọ́n ní àríwá, ní ìlú bíi Tamale, ni ipò wọn nínú ọjà ti lágbára jù lọ.

Agbo ilé ni gbòǹgbò òwò yìí. Bí ẹnì kan bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, yóò ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ọmọ náà yóò máa bá a kiri ọjà láìgba owó oṣù, òun náà yóò máa bọ́ ọ, yóò máa raṣọ fún un, títí di ìgbà tí ó bá tó fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá ìsọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró náà yóò ránṣẹ́ sílé bákan náà, ìdí sì nìyí tí àwọn ọmọ agbo ilé kan náà fi ń pọ̀ sí ìlú kan náà, tí wọ́n sì ń ta irú ọjà kan náà. Ilé ni púpọ̀ nínú wọn ti ń fẹ́ ìyàwó, ìyàwó náà kì í sì í jókòó lásán: oúnjẹ tàbí iyọ̀ ni ó sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, èrè rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń sọ Twi tàbí Dagbani bí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òbí kan ń fi wọ́n ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kí wọ́n lè mọ ilé. Èrè òwò náà ni wọ́n fi ń kọ́lé sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n gbé ẹ̀sìn lọ pẹ̀lú. Láti ọdún 1855 tí T. J. Bowen ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń ta gbòǹgbò níbẹ̀, àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ títan ìjọ náà ká ilẹ̀ Gánà.

Ìkànìyàn ọdún 1960 fi hàn pé Yorùbá tí ó wà ní Gánà ju 100,000 lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Àṣẹ náà kò rò ti ẹni tí ó ti wọ ilẹ̀ náà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ibẹ̀ àti Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò sì rò ti ọmọ tí a bí síbẹ̀. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, gbèsè tí wọ́n ń retí wọmi, ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ṣófo. Òfin ọdún 1970 tún fi òwò kéékèèké sọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, nítorí náà ìwé àṣẹ nìkan kò tó mọ́ fún ẹni tí ó ṣẹ́kù.

Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Ní ti àwọn tí ó padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nílé, ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní ilẹ̀ Hausa. Àwọn mìíràn tún kọrí sí ìwọ̀ oòrùn, sí Togo àti Côte d'Ivoire, wọ́n sì tún ń ránṣẹ́ sílé pé kí àbúrò máa bọ̀.