Ọkàn Màlúù Nínú Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Aboyún



Aboyún tó wọ ọkọ̀ láti Ìjẹ̀dẹ́ tàbí Ìgbógbó, tó sọ̀kalẹ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, tó sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọsibítù, wọn á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Sífílíìsì wà lára ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀. Bí èsì VDRL bá ní ó wà, ìjà lè dé sílé: ọkọ á ní ìyàwó ló kó o wá, ìyàwó á ní ọkọ ni. Ṣùgbọ́n VDRL kì í wá kòkòrò sífílíìsì fúnra rẹ̀. Kí ló wá ń wá?

Lọ́dún 1906, August Wassermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì gbé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ fún sífílíìsì jáde. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tí àrùn náà pa sínú oyún ni wọ́n lò. Wọ́n rò pé kòkòrò inú ẹ̀dọ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ ń dá lóhùn. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi rí i pé ẹ̀yà ara tí kò lárùn kankan náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àní ọkàn màlúù pàápàá. Lọ́dún 1941, Mary Pangborn ní ìpínlẹ̀ New York yọ ọ̀rá kan jáde látinú ọkàn màlúù, ó pè é ní cardiolipin. Òun ni VDRL ń lò títí dòní.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Sífílíìsì nìkan kọ́ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ bá ọ̀rá yìí jà. Ibà lè ṣe é. Oyún fúnra rẹ̀ lè ṣe é. Yáàsì, tí àwọn ọmọdé máa ń kó lára ara wọn nínú eré, náà ń ṣe é. Kòkòrò rẹ̀ bá ti sífílíìsì tan débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń lò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ penicillin lé yáàsì kiri Nàìjíríà.

Àwọn kan tún wà tí ara wọn ń bá ara rẹ̀ jà, bí ọlọ́dẹ tó ń lu onílé. Lọ́dún 1952, Conley àti Hartmann ní Baltimore kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn lupus méjì tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì nínú ìgò. Èsì sífílíìsì wọn ní ó wà, bẹ́ẹ̀ kò sí. Ohun ìyanu ni pé ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ́ra láti dì nínú ìgò, inú ara gan-an ló ti ń dì jù.

Graham Hughes, tó ti ṣiṣẹ́ ní Kingston, Jamaica, ló so okùn ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ní London lọ́dún 1983: ẹ̀jẹ̀ dídì, rọpárọsẹ̀, oyún tó ń bàjẹ́ léraléra. Lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ wọn, tí Nigel Harris ọmọ Guyana wà nínú rẹ̀, gbé àyẹ̀wò tó ń wọn ohun tó ń gbógun ti cardiolipin jáde.

Ọkàn wa náà kì í bọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkàn lè nípọn, kí ó má lè pa dé dáadáa mọ́; Libman àti Sacks ti rí irú egbò ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1924. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn. Bó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, apá ọ̀tún ọkàn á máa tiraka títí á fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ wá wo obìnrin tí oyún rẹ̀ ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ilé ọkọ ní ọwọ́ ayé ni; lábù ní sífílíìsì ni; wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, ó tún pàdánù oyún. Bóyá ẹnikẹ́ni ò béèrè pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wú rí, tàbí ṣé ó máa ń mí gúlegúle. Ká ní wọ́n béèrè, wọn ì bá ṣe àyẹ̀wò cardiolipin, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, kí wọ́n sì yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Asipirínì kékeré àti abẹ́rẹ́ heparin, lábẹ́ ojú dókítà, ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ irú wọn gbọ́mọ pọ̀n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní lábù àti ní wọ́ọ̀dù lónìí, bí VDRL bá ní ó wà, ẹ ṣe àyẹ̀wò kejì kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ. Bó bá sì ní kò sí, tí oyún ṣì ń bàjẹ́, ẹ má ṣíwọ́ ìbéèrè.