Al-Kishnawi: Ọmọ Katsina tó ti kọ ìwé lórí títo nọ́ńbà kí matrix tó ní orúkọ

Bí olùkọ́ bá kọ́kọ́ kọ matrix sójú pátákó, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà máa ń rò pé ohun àjèjì pátápátá ni.

Ṣùgbọ́n ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú kí wọ́n tó fún matrix ní orúkọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Fúlàní kan láti Katsina ti kọ ìwé lórí bí èèyàn ṣe ń to nọ́ńbà sí ìbú àti òòró.

Muhammad ibn Muhammad al-Fullani al-Kishnawi ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ "al-Kishnawi" ni ẹni tó wá láti Katsina.

Ta ni al-Kishnawi?

Onímọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ ni. Láyé ìgbà náà, ìlú òwò àti ìlú ẹ̀kọ́ ni Katsina jẹ́ nílẹ̀ Háúsá.

Lẹ́yìn tó kẹ́kọ̀ọ́ nílé, ó lọ ṣe Háájì ní Mẹ́kà, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Cairo, lórílẹ̀-èdè Egypt. Ní nǹkan bíi ọdún 1732 ló fi èdè Lárúbáwá kọ ìwé rẹ̀ lórí nọ́ńbà.

Ilé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hasan al-Jabarti ló ń gbé, Hasan fúnra rẹ̀ sì kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Al-Kishnawi kú sí Cairo lọ́dún 1741.

Ọmọ Hasan, Abd al-Rahman al-Jabarti, tó di gbajúgbajà òpìtàn ní Egypt, ló kọ ìtàn ọmọ Katsina náà sínú ìwé tirẹ̀.

Kí ló wà nínú iṣẹ́ rẹ̀?

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́sàn-án yìí:

4 9 2
3 5 7
8 1 6

Bí ẹ bá ro ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀, yálà ní ìbú, ní òòró tàbí láti igun kan dé igun kejì, 15 ni ẹ máa rí.

Àwọn ará Ṣáínà àti àwọn Lárúbáwá ti mọ irú rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí al-Kishnawi ṣe ni pé ó ṣàlàyé ọ̀nà téèyàn lè gbà kọ àwọn tó ní ìlà mẹ́ta, márùn-ún, méje àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún gba òǹkàwé níyànjú pé kó má sọ̀rètí nù tí iṣẹ́ náà bá le.

Lápá Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, inú tírà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì kà á sí awo. Àmọ́ ìṣirò ló wà nídìí rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Báwo ló ṣe kan matrix?

Nọ́ńbà tí wọ́n tò sí ìbú àti òòró ni matrix. Lọ́dún 1850 ni James Joseph Sylvester fún un lórúkọ yìí, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ilé ọmọ. Lọ́dún 1858, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Arthur Cayley kọ òfin bí wọ́n ṣe ń rò wọ́n pọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n di púpọ̀.

Al-Kishnawi kọ́ ló dá òfin wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ohun tuntun tí Cayley mú wá ni pé odidi àkójọ nọ́ńbà di ohun kan ṣoṣo téèyàn lè fi ṣe ìṣirò.

Ẹ dorí nọ́ńbà mẹ́sàn-án òkè yẹn kodò, kí 6 1 8 wà lókè, 7 5 3 láàrin, 2 9 4 nísàlẹ̀. Ẹ wá rò ó mọ́ ti àkọ́kọ́, kí kálukú pàdé èyí tó wà ní ipò rẹ̀. Ibi gbogbo ló máa di 10. Bí wọ́n ṣe ń ro matrix pọ̀ nìyẹn.

Ní ti ìsọdipúpọ̀, ẹ jẹ́ ká ní oníṣòwò kan ta àpò ìrẹsì 4 àti àpò ẹ̀wà 2 ní Kano, ó ta ìrẹsì 3 àti ẹ̀wà 5 ní Kaduna. Èrè orí àpò ìrẹsì kan jẹ́ ₦2,000, ti ẹ̀wà jẹ́ ₦3,000.

Tí ó bá fi èrè sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di púpọ̀, tó sì rò ó pọ̀, Kano á fún un ní ₦14,000, Kaduna á fún un ní ₦21,000.

Níbo la ti ń lò ó lónìí?

Àwòrán tó wà lórí fóònù yín, nọ́ńbà tí wọ́n tò sí ìbú àti òòró ni. Tí ẹ bá mú kí àwòrán náà mọ́lẹ̀ sí i tàbí kí ẹ yí i po, iṣẹ́ matrix ni fóònù ń ṣe.

Bákan náà, matrix ló wà nídìí ọ̀nà tí Larry Page àti Sergey Brin, tó dá Google sílẹ̀ lọ́dún 1998, gbà ń mọ ojú òpó tó yẹ kó ṣáájú.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀rù matrix, ìtàn al-Kishnawi ní ẹ̀kọ́ kan: ní nǹkan bíi ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ Katsina ti jókòó ti irú nọ́ńbà báyìí, ó sì kọ́ ẹlòmíì. Iṣẹ́ tó wà lójú pátákó yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa.