Egungun Ti So, Ìrora Ò Lọ: Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Nípa CRPS

Irú ìrora kan wà tó máa ń da orí ènìyàn rú. Egungun tó ṣẹ́ ti so, X-ray fi hàn pé ó ti so, ojú ọgbẹ́ ti jiná, síbẹ̀ ìrora kò lọ, ńṣe ló tún ń le sí i. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà á máa ta bí ìgbà tí wọ́n fi ata rodo pa á. Aṣọ tó kàn fara kàn án lásán, ó di ariwo. Afẹ́fẹ́ fáànù pàápàá ń dùn ún. Complex Regional Pain Syndrome ni àwọn dókítà ń pè é, CRPS ni wọ́n gé e kúrú sí. Kò wọ́pọ̀ bí ibà, ṣùgbọ́n ó lè dé bá ẹnikẹ́ni tó bá dá egungun, tó fi ẹsẹ̀ rọ́, tàbí tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwa tí à ń gbé ẹrù, tí à ń sáré lé kẹ̀kẹ́ Màrúwá nínú òjò Port Harcourt, ó yẹ ká mọ̀ ọ́n.

Ó ti wọ ilé wa rí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ ní ọjà Mile 3, ó fi ọwọ́ ọ̀tún tilẹ̀, ọrùn ọwọ́ ṣẹ́. Wọ́n fi POP dì í ní ilé ìwòsàn kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u, ọwọ́ náà wú, ó ń dán, ó dúdú ju ti òsì lọ, ó sì ń làágùn nígbà tí èkejì gbẹ táútáú. Wọ́n ní egungun ti jiná, kó lọ máa sinmi. Àwọn kan nínú ilé ní ayé ni. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sílé, sí Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ìborùn gbé ọwọ́ náà kọ́ àyà, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kí a tó rí ẹni tó mọ orúkọ àìsàn náà, àwọn ìka ti le bí igi. Lónìí ó ń tajà, ó ń ka owó, ṣùgbọ́n kò lè di ìkúùkù pẹ̀lú ọwọ́ yẹn mọ́. Ìsinmi oṣù mẹ́ta yẹn ló ń dùn mí jù.

Kì í ṣe àròsọ, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ ló ń ṣe àṣejù. Ẹ wo alááàmù mọ́tò tí olè ti sá lọ tipẹ́, tí alááàmù ṣì ń ké. Bó ṣe rí nìyẹn. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Silas Weir Mitchell, ti kọ nípa rẹ̀ lára àwọn sójà tí ọta ìbọn bà ní iṣan nígbà ogun abẹ́lé wọn (1861 sí 1865). Oríṣiríṣi orúkọ ni wọ́n ń pè é kó tó di 1994 tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìrora lágbàáyé fún un ní orúkọ CRPS. Ní 2003, àwọn onímọ̀ tún pàdé ní Budapest, ní orílẹ̀-èdè Hungary, wọ́n ṣe ìlànà tí dókítà fi ń dá a mọ̀ títí di òní.

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó lè sọ pé òun nìyí. Ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, wọ́n á sì kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì, tàbí ẹsẹ̀ méjèèjì, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ṣé ìrora náà ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ? Ṣé ìfọwọ́kàn jẹ́jẹ́ ń dùn ún? Ṣé ọ̀kan gbóná tàbí tutù ju èkejì lọ, tàbí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀? Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n kì í tètè hàn, nítorí náà ẹ wo bóyá ó ń dán tàbí ó ṣú sí i. Ṣé ó wú, ṣé ó ń làágùn? Ṣé ó le, ṣé ó ń gbọ̀n, ṣé èékánná àti irun rẹ̀ ń hù lọ́nà mìíràn? Obìnrin ló ń bá jù, ọrùn ọwọ́ tó ṣẹ́ sì wà lára ohun tó ń fà á jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ èyí: bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́, ì báà jẹ́ POP, ì báà jẹ́ igi àwọn tó ń to egungun, tí ìka wá kú tipiri, tó tutù, tí ìrora sì ń le sí i, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n tú u. Ìdè tó le jù ti mú kí wọ́n gé ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn sọnù ní Nàìjíríà yìí.

Ní ti ìtọ́jú CRPS, lílo ọwọ́ náà ni ìpìlẹ̀. Àwọn dókítà físíò ló ni iṣẹ́ yẹn. Wọn ò ní fi agídí fà á, ẹni tó bá ń fi agbára wọ́ ọ, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Wọ́n á tún kọ́ awọ ara láti fara da ìfọwọ́kàn: òwú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà aṣọ ankara, táwẹ̀lì, títí dé kànìnkànìn. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni dígí. Wọ́n gbé dígí sí àárín ọwọ́ méjèèjì, èyí tó ń dùn wà lẹ́yìn rẹ̀, aláìsàn á máa wo èyí tó dára bó ṣe ń mì nínú dígí. Ọpọlọ á rò pé ọwọ́ tó ń dùn ló ń mì láìsí ìrora. Ó jọ ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ó ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ẹ má fi yìnyín sí i o.

Oògùn wà níbẹ̀ láti jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe físíò. Paracetamol nìkan kì í sábà tó o. Dókítà lè kọ amitriptyline díẹ̀ lálẹ́, tàbí gabapentin, tàbí pregabalin, nítorí ìrora iṣan ni wọ́n wà fún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn mìíràn máa ń lo steroid fún ìgbà díẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí ń pa iṣan lára wà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn náà wà, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ gé ọwọ́ nítorí ìrora nìkan, ìrora lè tẹ̀ lé e síbẹ̀. Àìsùn àti ìrẹ̀wẹ̀sì máa ń bá a rìn, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún wa ni tramadol. Àwọn ará ọjà ń rà á ní kẹ́mísì bí ẹni ra bisikíìtì kí wọ́n lè gbé ẹrù. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju 100mg lọ, síbẹ̀ 225mg ń wọlé. Ní èbúté Onne tó wà nítòsí wa yìí, wọ́n ti gbá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà rẹ̀ mú. Ó ń di bárakú, ó lè fa gìrì, pàápàá tí ẹ bá lò ó pọ̀ mọ́ amitriptyline láìsọ fún dókítà.

Ní Port Harcourt, ẹ lè lọ sí UPTH ní Alakahia, tàbí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba ìpínlẹ̀, RSUTH, tí a mọ̀ sí Braithwaite tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn egungun, ti Enugu sún mọ́ wa ju Igbobi lọ. Owó ọkọ̀ lọ sí físíò, léraléra, ló máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn wa jáwọ́. Mo rò pé ẹgbẹ́ lè fi ìyẹn ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ju owó àbẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ má kàn sọ pé "ọwọ́ ń dùn mí." Ẹ sọ ọjọ́ tó ṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n tú POP, ẹ ya fọ́tò ọwọ́ méjèèjì sínú fóònù, nítorí ó lè wú ní òwúrọ̀ kó sì wálẹ̀ kó tó kàn yín. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi í tààrà: "Dókítà, ṣé kì í ṣe CRPS nìyí?"