Ìwé Kòkó: Ta Ló Mọ Iye Tí A Tà?

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni mo máa ń rántí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ ń wí pé kọ̀ǹpútà ló kọ́ wa bí a ti ń tọ́jú ìròyìn òwò. Irọ́ ni o! Kí kọ̀ǹpútà tó dé ni àwọn bàbá wa ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́ àti ní Ìdó ti ń bá ọ̀ràn yìí jìjàkadì, ìdí kòkó ni wọ́n sì ti jà á.

Àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé a máa fi èédú fa ìlà sára ògiri. Ìlà kan, àpò kan. Ó tó o nínú ilé, ṣùgbọ́n ìlà ara ògiri kò lè bá a dé ìdí òṣùwọ̀n. Níbẹ̀, ẹni tó ń ra kòkó ló ń ka òṣùwọ̀n, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà ló ń ṣírò owó. Ẹnì kan ṣoṣo di ẹlẹ́rìí, ó tún di adájọ́. Báwo ni àgbẹ̀ ṣe fẹ́ jàre?

Iye owó ńkọ́? Òkè òkun ni í ti wá. Ní 1937, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, UAC wà lára wọn, ti fẹnu kò láàrin ara wọn lórí bí wọn yóò ti máa rà á. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, Ghana òde òní, gbọ́, wọ́n ní àwọn ò tà mọ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní láti rán ìgbìmọ̀ William Nowell wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ní 1938.

Ní ilẹ̀ wa, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti jáde ní 1935. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò ẹgbẹ́ náà ni ìwé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá gbé kòkó wá, akọ̀wé yóò kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé ńlá ẹgbẹ́, yóò tún kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tí onítọ̀hún ń mú lọ sílé. Ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a sì máa wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí èrè bá wà nígbà tí ọdún parí, iye kòkó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tà ni wọn fi ń pín in. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá sọnù, àbí tí wọ́n kọ dín, ó jẹun dín nìyẹn.

Àmọ́ ìwé tí olówó rẹ̀ kò lè kà, ààbọ̀ ìwé ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ran òwò kòkó lọ́wọ́. Ọmọ iléèwé tó mọ ìṣirò lè jókòó ti bàbá rẹ̀ kó ka ìwé náà sí i létí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì, tí ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, ta ni àwọn àgbà ì bá bi bí kì í ṣe ọmọ?

Lẹ́yìn náà, ní 1986, ìjọba pa àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra ohun ọ̀gbìn rẹ́. Ẹnikẹ́ni tó lówó lè wá ra kòkó. Owó rẹ̀ gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tún padà sọ́wọ́ ẹni tó ń dá wọ̀n, tó ń dá kọ. Fóònù alágbèéká tó dé ní 2001 lè sọ iye tí kòkó ń lọ lágbàáyé fún wọn. Kò lè sọ bóyá òṣùwọ̀n iwájú wọn ń purọ́.

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ẹ má gbé gbogbo ìròyìn òwò yín sí orí ẹnì kan, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó. Bí onítọ̀hún bá kú ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ méjì kọ ohun kan náà. Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè ka ohun tí ẹ kọ nípa rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí òṣìṣẹ́ tàbí oníbàárà kò lè yẹ̀ wò, òṣùwọ̀n ayé ìjọ́sí ni, a kàn fi iná mànàmáná sí i ni.