Ta Ní Í Mọ̀ Pé Ọmọdé Tó Lọ́kọ́?

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá tó lọ́kọ́, à á fún un lọ́kọ́. Òwe náà kò ní ọmọ ni yóò dìde lọ mú ọkọ́ fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ní í wò ó tòkè-tilẹ̀ kó tó ní ó tó. Apá ọmọ lè ti le tipẹ́. Bí àgbà kò bá tíì fọwọ́ sí i, kò sí ọkọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wo abo eku funfun, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ara ní yunifásítì bíi LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà ló fi ń bàlágà. Ṣé ẹ̀yà ara tó ń mú un bàlágà ni kò tíì gbó tẹ́lẹ̀ ni? Ní 1952, àwọn olùwádìí Geoffrey Harris àti Dora Jacobsohn yọ pituitary, ẹ̀yà ara kóńkó abẹ́ ọpọlọ, kúrò lára àgbà eku, wọ́n fi ti ọmọ tuntun rọ́pò rẹ̀. Àgbà eku tún ń tú ẹyin sílẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ lóyún. Pituitary ọmọ ti tó iṣẹ́ ṣe; àṣẹ òkè ni kò tíì dé.

Ará Ọ̀yọ́ mọ ètò yìí bí ẹní mowó. Láyé ìjọba Ọ̀yọ́, Aláàfin kì í jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìlàrí ní í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn olórí ìlú yòókù lọ. Hypothalamus inú ọpọlọ ni ààfin. Hòmóònù GnRH ni ìlàrí. Ó ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín dọ́dọ̀ pituitary, tí òun náà ń rán hòmóònù LH àti FSH sílé ẹyin. Ìlàrí gbọ́dọ̀ máa wá, kó máa lọ. Bó bá jókòó ti pituitary, etí rẹ̀ á di. Ààfin kì í sì í yára ránṣẹ́: eku tí ebi ń pa máa ń pẹ́ bàlágà.

Ilé ẹyin náà kì í ṣe odi. Estrogen ni ìṣákọ́lẹ̀ tó ń fi ránṣẹ́ sókè. Bó bá kéré, ó ń mú ààfin dákẹ́. Bí ẹyin bá gbó tí estrogen sì kún, òun kan náà ló ń mú ààfin pariwo. LH á ya lu ara lọ́sàn-án, ẹyin á jáde lóru. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ní 1950, àwọn olùwádìí Everett àti Sawyer fún irú eku bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun kí agogo méjì ọ̀sán tó lù: ẹyin kò jáde, ó di òru ọjọ́ kejì. Àwọn tó gbà á lẹ́yìn agogo mẹ́rin tú ẹyin sílẹ̀ bó ti yẹ. Àṣẹ ti kúrò láàfin.

“Tó” inú òwe wa, nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ọmọ á na apá, àgbà á rí i, kí ọkọ́ tó bọ́ sọ́wọ́.