Ẹṣin Ọ̀yọ́ àti Àkókò Òjò

Nínú géèmù ogun tí à ń kọ, a fún ẹlẹ́ṣin ní agbára 8, a fún ẹlẹ́sẹ̀ ní 3. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹni tó ń ta á fi ń ra ẹṣin nìkan. A ti fẹ́ sọ 8 di 5, àfi ìgbà tí a wo ìtàn ilẹ̀ Yewa níbí.

Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí etíkun gba ọ̀dàn ilẹ̀ yìí kọjá. Ajẹ́lẹ̀ Aláàfin wà ní Ìjánnà, nítòsí Ìlaròó. Ẹṣin rí ibi rìn. Ní 1726 tí Ọ̀yọ́ kọlu Dàhọ̀mì, ìró ìbọn àwọn ẹlẹ́sẹ̀ Agaja ń dẹ́rù ba ẹṣin. Síbẹ̀, nígbà tó fi di 1730, Dàhọ̀mì gbà láti máa san ìsákọ́lẹ̀. Ẹ̀rùn dé, Ọ̀yọ́ dé, wọ́n á ba oko jẹ́. Agaja á sá wọgbó. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti ń bọ̀, ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ padà sílé: oúnjẹ ẹṣin ńkọ́, eṣinṣin tó ń kó àrùn ràn án ńkọ́?

Ni a bá fi 8 sílẹ̀. Ohun tí a fi kún un ni òjò: nínú igbó, ẹṣin ń pàdánù ẹ̀mí ní gbogbo ìgbà tí ayò bá yí. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ra ẹṣin 12 fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé lánàá. Ìró ìbọn la ṣì ń jà lé lórí.